Ilé Tí Mo Yàn fún Wa ní Ardroy

Ẹni tó bá sọ fún yín pé irọ́ kékeré kì í pa èèyàn lára, ẹ ní kó wá bá mi ní Paisley, kó wá wo bí mo ṣe ń dá jẹun. Ishbel ni orúkọ mi. Ilé ìdáná ilé-ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo lọ́kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ gidi, kì í ṣe ọkọ ẹnu lásán.

Struan ni ọkọ mi ń jẹ́. Òrùlé ló ń kàn jẹun. Lóṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ló ré bọ́ látorí ilé oníbàárà kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kán, wọ́n sì dì í ní ọsibítù títí dé èjìká. Láti ọjọ́ yẹn, ilé ló ń jókòó sí, òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Effie, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Màmá Effie fẹ́ràn mi ju bí ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó lọ. Ojú rẹ̀ ń lọ. Dókítà ti ní kí òtútù tó dé, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nígbà náà, bí oòrùn bá ràn dáadáa, ó ṣì lè rí ilé, rí òkè, rí àwọ̀ aṣọ ẹni. Bí ojú ọjọ́ bá dágùdẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá fún.

"Ẹ gbé mi lọ sí Durness," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ilé tí wọ́n bí mi sí, kí n rí òkun tó wà níwájú rẹ̀. Tí mo bá ti rí i, kí ojú máa lọ. Mi ò ní bá a jà."

Òkè réré ni Durness wà, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Struan ní ká fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Ká wá ibì kan dé sí, ká máa ti ibẹ̀ wa mọ́tò jáde láràárọ̀, ká máa padà síbẹ̀ sùn, torí Màmá kò lè máa di ẹrù tú ẹrù lójoojúmọ́.

"Ishbel ló máa wakọ̀," ló wí, ó gbé apá rẹ̀ tó wà nínú dídì sókè. "Ishbel náà ni kó yan ibi tí a máa dé sí."

Màmá ní òun ti gbọ́ nípa obìnrin kan ní Durness tó ń gba àlejò. "Tí a bá dé sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí wàhálà. Bí òjò bá rọ̀ lónìí, màá dúró de oòrùn lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní lọ láìsí oòrùn rárá."

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn. Mo pe obìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Ó ní yàrá wà, mélòó la jẹ́? Mo ní màá tún pè é. N kò pè é mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ń tì mí lójú.

Ṣáájú kí apá Struan tó kán, ilé-ìwé wa rán mi lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Inverness. Ìyẹ̀fun la fi ọjọ́ náà pò, nítorí náà mo bọ́ òrùka mi sínú àpò. Lálẹ́, nílé oúnjẹ, ọkùnrin kan jókòó sí tábìlì mi torí pé ibi gbogbo ti kún. Keir lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní abúlé kan tó ń jẹ́ Ardroy, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn. A jẹ ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi mílíìkì sè, a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

"Ṣé ẹ lọ́kọ?" ló bi mí.

"Rárá," ni mo wí.

N kò mọ ibi tí "rárá" yẹn ti wá. Mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún parọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dípò Inverness, Ardroy ni mo darí mọ́tò pupa mi sí. Keir mú mi lọ síbi ijó ní gbọ̀ngàn abúlé, ó fi mí han gbogbo ayé. Nílé, ọ̀rọ̀ òrùlé ni, ọ̀rọ̀ oògùn ojú ni, ọ̀rọ̀ ta ló máa da ìdọ̀tí nù ni. Ní Ardroy, ẹnìkan ń bi mí léèrè pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún kò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani.

Nígbà tí Struan wá di ará ilé, n kò lè yẹsẹ̀ mọ́. Keir ń pè ṣáá. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ohùn Struan lẹ́yìn mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, pé èmi àti òun àti ìyá wa la jọ ń gbé.

"Ishbel, ìgbà wo ni màá mọ ẹbí rẹ?" ló wí. "Ilé àǹtí mi ṣófo nísàlẹ̀ ọ̀nà. Mú ìyá rẹ wá, mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Ó yẹ kí n sá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọlé tọ ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ lọ, mo ní, "Ilé àlejò Durness ti kún."

Ojú Màmá rẹ̀wẹ̀sì. "Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n mo rí ilé kan ní Ardroy. Àárín gbùngbùn ló wà, téèyàn bá gbé ibẹ̀, kò síbi tí kò ní lè dé."

Struan tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì. "Ardroy kẹ̀? Ọ̀nà kan ló wọ ibẹ̀, òun náà ló jáde."

"Wo bó ṣe sún mọ́ Durness," ni mo wí, mo fi ìka wọ̀n ọ́n. "Ìka kan ṣoṣo."

Àwa tí à ń gbé ní ìsàlẹ̀, níhà gúúsù, la máa ń ṣe àṣìṣe yìí. A máa ń fi ìka wọn ilẹ̀ àríwá, bí ẹni pé ọ̀nà ibẹ̀ tọ́ bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ á yí òkè po, á yí adágún po, ìka kan á di ọjọ́ kan. Struan gbà mí gbọ́. Èmi kò ṣàṣìṣe ní tèmi. Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ tí a dé, oòrùn ń ràn. Ọ̀nà Ardroy kò gba ju mọ́tò kan lọ. Wọ́n gé àyè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀, tí ẹnìkan á yà sí kí ẹnìkejì lè kọjá, ẹni tó kọjá á sì gbé ìka kan sókè látorí ìdarí ọkọ̀ láti dúpẹ́. Ẹni tí kò bá gbé ìka, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ará ibí mà lọ́yàyà o," Struan wí. "Gbogbo wọn ló ń juwọ́ sí wa."

"Ìka kan ni wọ́n ń gbé," Màmá wí láti ẹ̀yìn. "Mo mọ àṣà wa."

"Rárá, Màmá. Ọwọ́ odindi ni. Ìyá kan tilẹ̀ ju ọwọ́ méjèèjì."

Màmá tún un sọ lẹ́nu. "Ọwọ́ odindi? Ìka kan ni ti àlejò. Ọwọ́ odindi, ti ọmọ ilé ni."

"Bóyá wọ́n rò pé ẹlòmíràn ni wá," ni mo wí kíá. "Mọ́tò pupa pọ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Màmá wí.

Ilé náà ní yàrá méjì. Mo ní màá bá Màmá sùn kó má baà ṣubú lóru. Struan súre fún mi. "O ṣeun, aya mi. Ọlọ́run á san án fún ọ." Ẹ gbọ́ àdúrà tó gbà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn tún ràn. Màmá ti wọ aṣọ, ó ti so ìborùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí a tó jí.

"Ishbel, oòrùn yìí dára o. Ṣé ká máa lọ?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí láti àná, Màmá. Ọ̀la ńkọ́?"

"Sinmi, ọmọ mi. Ọ̀la náà ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo sọ pé mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Ibi iṣẹ́ Keir ni mo lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ ọ̀rọ̀ wa létí ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, Keir ń fọwọ́ pa mí nírun, oòrùn tó jẹ́ ti Màmá ń ràn sí mi lára. Inú mi dùn. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, inú mi dùn.

Òru ọjọ́ yẹn ni òjò dé. Kò rọ̀ bí òjò èèyàn. Ní òwúrọ̀ a gbọ́ pé òkè ti ya lulẹ̀, ó ti dí ọ̀nà, mọ́tò kankan kò lè wọlé, kankan kò sì lè jáde.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i?" Struan béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni," aládùúgbò náà fèsì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ ẹ̀wọ̀n rí, ṣùgbọ́n mo mọ Ardroy. Iwájú wa, òkun. Ẹ̀yìn wa, òkè tó ya. Nínú ilé, ọkọ mi. Lókè ọ̀nà, ọkùnrin tó rò pé òun máa fẹ́ mi. Ìró bàtà èyíkéyìí lójú ọ̀nà, màá sáré yọjú ní fèrèsé.

Keir kò sì jẹ́ kí ó pẹ́. Ó gbé sìlíńdà gáàsì wá, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìfaradà òjò yìí."

Ó bọ Struan lọ́wọ́ òsì. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì ti wọnú ọ̀rọ̀ pákó àti ìṣó, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Struan ní kí n po tíì. Mo pò ó. Mo gbé ife kọ̀ọ̀kan fún wọn.

"O ṣeun, Ishbel," Keir wí. Ó wò mí pẹ̀lú ìfẹ́, mo sì wo ilẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Struan ní, "Èèyàn dáadáa nìyẹn. Ká ní Paisley ló ń gbé, ọ̀rẹ́ mi ni ì bá jẹ́."

Màmá dúró kí Struan jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkùnrin yẹn kò béèrè orúkọ rẹ."

"Struan ló sọ fún un, Màmá."

"Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Struan. Ojú mi ló ń lọ, Ishbel. Etí mi ṣì wà."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ, kò sì bá mi rín in.

Báyìí ni a há. Mo ń gbàdúrà kí òjò dá, mo sì ń gbàdúrà kí ọ̀nà má ṣí, kí Keir má baà wá dágbére fún wa, kó sì tú àṣírí mi. Keir ń fi fóònù ránṣẹ́ pé òun fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ kan ní ìdákọ́ńkọ́. Mo ń fèsì pé apá ń ro ó, kó ní sùúrù. Màmá ń béèrè láràárọ̀ pé, "Báwo lojú ọjọ́?" Struan á ní, "Kò tíì dáa, Màmá."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà, oòrùn sì yọ. Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu tíì, mo ti kó wọn sínú mọ́tò. "Durness yá!" ni mo ń kígbe. Lóòótọ́, mo fẹ́ kí Màmá rí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n kúrò ní Ardroy ni mo fẹ́ jù.

Mọ́tò tò sẹ́yìn wa gbọọrọ, gbogbo ẹni tó ti há bíi tiwa. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òkè ti ya nígbà tí mọ́tò kan yọ níwájú. Mo yà sí àyè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo gbé ìka mi sílẹ̀ de ẹni náà.

Kò kọjá. Ó dúró gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gíláàsì sí gíláàsì, bí ará ibẹ̀ ṣe máa ń dúró bá ojúlùmọ̀ sọ̀rọ̀. Peigi ni, ìyá tó ń pín lẹ́tà ní Ardroy. Èmi àti òun jọ jó ní gbọ̀ngàn lóṣù kẹrin.

"Ishbel! Ṣé ò ń sá fún wa ni? O dé láti ọjọ́ yìí, o ò wá kí mi!"

"Ẹ má bínú, mà. A ń kánjú ni."

"Ìkánjú wo? Ta ló ń lé ọ?" Ó na ọrùn wo inú mọ́tò. "Ìyá Ishbel, ẹ káàárọ̀ o! Keir ti sọ nípa yín. Ìwọ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó já bọ́ láti orí òrùlé? Pẹ̀lẹ́, ọmọkùnrin. Ṣé Keir ti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ wo, mà?" Struan béèrè. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an.

"Háà, ó mà ti bọ́ lẹ́nu mi! Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, kí ló tún kù? Ọmọ náà ń bẹ̀rù rẹ, ó ní ìwọ lo dúró bíi bàbá fún Ishbel. Jọ̀ọ́, má yọ ọ́ lẹ́nu jù. Gbogbo wa la ti gbà pé ìyàwó wa ni."

Ẹ̀rọ mọ́tò méjèèjì ń kùn.

"Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mà," Struan wí. "Èmi lọkọ rẹ̀. Ìyá mi nìyí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti fẹ́ ẹ."

Peigi wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. "Ẹ forí jì mí, ọmọ mi," ló wí fún un. Ó rọra yí gíláàsì rẹ̀ sókè, ó kọjá. Mo gbé ọwọ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí àṣà ti mọ́ mi lára. Kò gbé ìka kankan.

Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Ọjọ́ tolóhun yẹn bá mi nídìí ìdarí. Mo wa mọ́tò kúrò nínú àyè náà, mo bọ́ sójú ọ̀nà.

"Dúró," Struan wí.

"Mọ́tò wà lẹ́yìn wa. Kò síbi tí mo lè—"

"Mo ní kí o dúró, Ishbel!"

"Níbo? Níbo ni kí n dúró sí, Struan?"

Ẹni ẹ̀yìn wa ti ń fun fèrè. Kò sí àyè ìyàsí, kò sí ibi tí a lè yí padà sí. Struan kò lè gba ìdarí lọ́wọ́ mi, apá rẹ̀ wà nínú dídì. Mo ń wakọ̀ lọ, omijé ń dà, ọkọ mi kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá ló sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Keir ni yóò sọ. N kò mọ̀ pé ohun tó ń dun èèyàn lèèyàn ń béèrè.

"Ishbel. Ilé àlejò Durness. Ṣé lóòótọ́ ló kún?"

Mo lè tún parọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, irọ́ náà ti wà lẹ́nu.

"Kò kún, Màmá."

"Yàrá wà?"

"Yàrá wà."

Ó mí kanlẹ̀. "Àti ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹn tí oòrùn ràn?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ká ọwọ́ lé itan.

Mo wakọ̀ lọ sí àríwá bí wèrè. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá lè gbé e dé kí oòrùn tó lọ, bóyá ohun kan á ṣẹ́kù fún mi. Ọ̀nà ń yí òkè po, ó ń yí adágún po. Ìka kan tí mo wọ̀n lórí tábìlì ń gùn sí i. Ìyàsí lẹ́yìn ìyàsí, mo ń yà, mo ń dúró, àwọn àlejò ń kọjá jẹ́jẹ́, wọ́n ń gbé ìka wọn sí mi.

Oòrùn wà títí a fi ku òkè kan péré. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ rẹ̀, kùrukùru ti dìde láti inú òkun, ó funfun báláú, ó ti bo Durness látòkè délẹ̀. A béèrè ilé náà, wọ́n júwe rẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Struan fi apá kan tó kù fún un mú ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó gbé ojú sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni ń wá èèyàn láàárín èrò.

"Ṣé a ti débẹ̀?" ló béèrè.

A ti débẹ̀. Ògiri ilé náà kò jìnnà sí i rárá. Èmi rí i dáadáa, àní nínú kùrukùru yẹn. Mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Òun nìyí níwájú yín, Màmá. Ògiri rẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, wọ́n gbin òdòdó sí—"

Ó gbé ọwọ́ sókè láti dá mi dúró. Kò pariwo mọ́ mi. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé.

"Má bínú, Ishbel. Jẹ́ kí Struan sọ ọ́ fún mi. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi báyìí ni màá máa rò pé mo rí títí màá fi kú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo lè gbà gbọ́."

Mo padà sínú mọ́tò. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo ọkọ mi tó ń sunkún, tó sì ń ka fèrèsé ilé náà fún ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.